Ìyàwó Vaugirard, Ìyakọ Grenelle

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá ti gbọ́ "kàrà, kàrà, kàrà" nínú àgbàlá wa ní Vaugirard, ní Paris, kíá ni àwọn obìnrin á ti sáré jáde lọ ká aṣọ lórí okùn. Léontine ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Eruku irun àgùntàn kì í mọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi yàtọ̀ sí àkísà. Ibi tó bá wù ú ni yóò bà sí. Àwa ọmọdé ò ní aṣọ tí à ń sá fún ní tiwa. Inú òkìtì irun náà la máa ń bẹ́ sí, tí Léontine á mú igi lé wa, tí yóò sì máa rẹ́rìn-ín bó ṣe ń lé wa lọ.

Bàbá mi ń ta èédú àti wáìnì lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá náà, Cour Maudoux. Léontine àti ọkọ rẹ̀ ń gbé yàrá méjì lókè ìsọ̀ wa. Láti ìgbà tí mo ti ń rákòrò ni mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò sì jìnnà sí i títí di ọjọ́ tí a sin ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, ẹnu òun àti ìyakọ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì bá ti takora, ti ìyakọ ni mo máa ń mú, torí òun ló mọ ìtàn sọ jù.

Ọdún 1911 ni wọ́n bí Léontine, lẹ́yìn odò-ẹran Vaugirard, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù àti ẹṣin. Kerdraon ni orúkọ bàbá rẹ̀, ará Brittany, lẹ́bàá òkun lọ́hùn-ún. Òun ló ń fa ẹṣin láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin wá fún àwọn alápatà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, Perrine, bá gbà á tọ́. Tìmùtìmù ibùsùn ni Perrine ń tún ṣe. Láyé ìgbà yẹn, irun àgùntàn ló ń wà nínú tìmùtìmù gbogbo wa. Béèyàn bá ti sùn lé e fún ọdún mélòó kan, irun náà á ki, á di kókó-kókó, ẹ̀yìn onítọ̀hún á sì máa ro ó. Ìgbà náà ni wọ́n á ránṣẹ́ pe Perrine. Yóò tú tìmùtìmù náà, yóò kó irun inú rẹ̀ jáde, yóò yà á, yóò gbọn ọ́n títí á fi fúyẹ́, yóò ki í padà sínú aṣọ ìlà rẹ̀, yóò sì fi abẹ́rẹ́ gígùn rán an pa. Inú àgbàlá onílé ló ti máa ń ṣe gbogbo rẹ̀, lójú gbogbo ayé. Igi tó fi ń ya irun náà dà bíi jangirọ́fà kékeré tí wọ́n kan ìṣó wẹ́wẹ́ mọ́ nínú. Bó bá ṣe ń fì í síwá sẹ́yìn ni igi náà yóò máa ké. Orí ọmọlanke ló ń gbé e sí, Léontine ló sì ń tì í. Nígbà tí Perrine dàgbà débi tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, Léontine jogún ọmọlanke àti àwọn oníbàárà pọ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí i kò ní yé yín tẹ́ ò bá mọ bí nǹkan ṣe rí láàárín Vaugirard àti Grenelle. Lónìí, Ìpín Kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń pe gbogbo wa, ìpín tí èrò pọ̀ sí jù ní Paris, kò sì sí ọmọdé kan tó lè nàka sí ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n abúlé ni Vaugirard láti ayébáyé, tòun ti ọgbà àjàrà àti oko ewébẹ̀. Pápá lásán lẹ́bàá odò Seine ni Grenelle, títí àwọn tó ń ta ilẹ̀ fi wá gé e sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n sì la òpópónà tó tọ́ gbọọrọ gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọn ò tíì kọ́lé tán tí wọ́n fi ní àwọn ò bá Vaugirard ṣe mọ́, pé ìlú ọ̀tọ̀ làwọn. Ìjọba gbà fún wọn. Wọ́n jayé ìlú ọ̀tọ̀ náà fún ọgbọ̀n ọdún, kí Paris tó gbé àwọn méjèèjì mì lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó sì dun Grenelle jù ni pé ẹ̀gbẹ́ Vaugirard ni wọ́n kọ́ ọ́fíìsì ìjọba sí. Ará Grenelle tó bá fẹ́ gbéyàwó, tàbí tó bímọ, tàbí téèyàn rẹ̀ kú, ó di dandan kó sọdá títì Croix-Nivert wá sọ́dọ̀ wa.

"Ẹlẹ́ran ẹṣin!" ni wọ́n máa ń pè wá.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi omi aṣọ ṣe lọ́fínńdà!" làwa náà máa ń dá wọn lóhùn, torí pé ẹ̀gbẹ́ wọn níbẹ̀, ní Javel, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun.

Nígbà tó di oṣù May ọdún 1932, oníbàárà kan pe Léontine lọ sí àgbàlá kan ní Grenelle, nítòsí títì Commerce. Ó ti ń fi igi rẹ̀ síwá sẹ́yìn láti àárọ̀ nígbà tí fèrèsé kan ṣí lókè, tí ọ̀dọ́kùnrin kan tí irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán yọrí síta.

"Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Léontine wòkè. "Tí mo bá fẹ́ pa ọ́, o máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ná."

"Èèyàn ń sùn níbí!"

"Ta ló ń sùn lọ́sàn-án gangan?"

"Ẹni tó fi gbogbo òru de táyà mọ́ ọkọ̀ ní Javel ni!"

Anselme Blavier lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni. Léontine wò ó dáadáa, ó rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kì í ṣe ariwo mi ni kò jẹ́ kó o sùn," ló wí. "Tìmùtìmù rẹ ni. Gbé e wá."

"Mi ò pè ọ́ ṣiṣẹ́."

"Gbé e wá, mo ní. Ọ̀fẹ́ ni."

Ó gbé e wá. Nígbà tí Léontine tú u, ṣe ni irun inú rẹ̀ le gbagidi bí èkùrọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, irun náà ń wú, ó ń funfun, ó ń ga sókè bí ìfófó. Anselme jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tó yá, ó fẹ̀yìn tì í. Kò pẹ́, ó sùn lọ fọnfọn sínú òkìtì irun náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ gbalaja. Àwọn tó lọ pọn omi ń yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kọjá. Ológbò kan wá kádìí sórí ikùn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá a. Opó ni Eugénie Blavier, aṣọ ló ń lọ̀ fún àwọn èèyàn, apá rẹ̀ sì le bíi ti ọkùnrin. Ó ń ti ọjà bọ̀, ó gbé àlùbọ́sà eléwé há abíyá.

"Ta ló tẹ́ ọmọ mi sílẹ̀ bí òkú?"

"Ẹ rọra, Màmá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

"Màmá ta ni? Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Ọmọ Vaugirard ni mí, Màmá."

"Àní mo ti ń gbóòórùn ẹṣin láti ìta."

Léontine kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ ṣì ń gbóòórùn, Màmá? Mo rò pé omi aṣọ ti pa imú gbogbo ará Grenelle."

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Anselme ta jí, ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ọmọbìnrin náà, ẹnu sì ń yà á. "Màmá," ló wí, "mo mà sùn o."

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí tìmùtìmù tó ń bàjẹ́ ní Grenelle bíi ti Anselme. Ní gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tú u, tí wọ́n ń rán an. Nígbà tí ọdún yípo, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ gbéyàwó.

"Fẹ́ ẹni tó bá wù ọ́," ni Eugénie dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí, wọn ò ní tẹ Vaugirard láé. Bàbá mi ò tẹ̀ ẹ́, àfi lọ́jọ́ tó lọ kọ orúkọ mi sílẹ̀, ó sì bínú títí ilẹ̀ fi ṣú."

Ó ṣe bó ṣe wí lóòótọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó dé fìlà oníyẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ dúró sétí títì Croix-Nivert, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Grenelle, kò lọ síwájú ju ibẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n kúrò ní ọ́fíìsì ìjọba àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìdílé ìyàwó, tòun tàwọn alápatà àti oní-àkọ́díọ̀nù wọn, rọ́ dé etí títì náà. Léontine gbé ìdí aṣọ rẹ̀ sókè, ó dá kọjá láàárín ọkọ̀ àti ẹṣin, ó lọ fẹnu kan ìyakọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Eugénie wò ó látòkè délẹ̀. "Aṣọ yẹn fún ọ níkùn."

"Ẹran ẹṣin tí mò ń jẹ ló pọ̀ jù, Màmá."

Àwọn tó wà nítòsí sọ pé ìyá náà rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ sẹ́ títí tó fi kú.

Tọkọtaya náà wá ń gbé ní Cour Maudoux. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni wọ́n ń lọ jẹun lọ́dọ̀ ìyá ní Grenelle, ìyá ò sì wá sọ́dọ̀ wọn rí. Wọn ò bímọ. Ogun dé, wọ́n kó Anselme lọ sójú ogun, àwọn Jámánì mú un, wọ́n sì fi í ṣiṣẹ́ lóko lọ́hùn-ún. Ọjọ́ Sunday kò yí padà fún Léontine. Ó ṣì ń sọdá títì náà, àwọn obìnrin méjèèjì á jókòó síwájú abọ́ ọbẹ̀ kábéèjì tó ṣàn bí omi, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ Anselme, tọ́rọ̀ rẹ̀ bá sì tán, wọ́n á máa bú àdúgbò ara wọn.

Ní September ọdún 1943, bọ́ǹbù bọ́ sí Grenelle. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ làwọn bàálù tó jù ú wá fún, ṣùgbọ́n ilé àwọn èèyàn ló wó. Bí Léontine ṣe gbọ́, ó ti ọmọlanke rẹ̀ síwájú, ó ń sáré. Nígbà tó dé òpópónà ìyakọ rẹ̀, ó bá a lórí àga láàárín títì, fìlà wà lórí rẹ̀, eruku bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Òkìtì bíríkì ló wà níbi tí ilé wà. Tìmùtìmù rẹ̀ nìkan làwọn aládùúgbò ti rí fà jáde.

"Màmá! Ọpẹ́ o! Níbo ló ń dùn yín?"

"Ilé mi ló ń dùn mí."

"Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé wo?" Eugénie nàka sí àwọn bíríkì náà. "Ilé mi nìyẹn."

"Sílé wa, Màmá."

"Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ ẹ kẹ́ ẹ tó fẹ́ra, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ Vaugirard. Ojú títì níbí ni màá sùn."

Léontine ò bá a jiyàn. Ó pe aládùúgbò kan, wọ́n jọ gbé tìmùtìmù náà sórí ọmọlanke, ó fi okùn dì í.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Iṣẹ́ mi ni. Eruku ti kún inú ẹ̀, mò ń gbé e lọ tún ṣe. Ẹ̀yin ẹ jókòó, Màmá. Ẹ kú ìjókòó o."

Ó sì ti ọmọlanke rẹ̀ lọ. Kò tíì dé kọ́nà tó fi gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn rẹ̀. "Rọra! Ò ń gbọ̀n ọ́n jù!" Báyìí ni wọ́n ṣe ń rìn, tìmùtìmù níwájú, ìyá arúgbó lẹ́yìn, kò wọ̀tún, kò wòsì. Nígbà tí wọ́n dé Croix-Nivert, ó dúró. Léontine ní tirẹ̀ ò dúró, kò sì bojú wẹ̀yìn. Eugénie ṣépè fún ogun, ó ṣépè fún àwọn tó dá a sílẹ̀, ó ṣépè fún Vaugirard lódindi, lẹ́yìn náà ló wá sọdá.

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ wa nígbà tí wọ́n wọlé. Mo rò pé ilé búrẹ́dì ni wọ́n ti ń bọ̀, bí àwọn méjèèjì ṣe funfun.

Lọ́jọ́ kejì, Léontine tú tìmùtìmù náà nínú àgbàlá. Eugénie jókòó sórí àpótí èédú bàbá mi, ó kọ̀yìn sí i. Ó pẹ́ kó tó yíjú padà.

"Má fà á bẹ́ẹ̀ yẹn! Irun àgùntàn ilẹ̀ Morvan nìyẹn. Ìyá mi ló fọwọ́ ara ẹ̀ fọ̀ ọ́ lódò, nígbà tí mo fẹ́ lọ sílé ọkọ. Orí ẹ̀ ni mo bí Anselme sí. Orí ẹ̀ ni bàbá ẹ̀ kú sí."

Léontine dá igi náà dúró. "Ẹ wá fi hàn mí bó ṣe yẹ kí n ṣe é, Màmá."

Ìyá dìde. Ó kúnlẹ̀ sídìí irun náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣa àfọ́kù dígí àti èérún ògiri kúrò nínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i tó ń fi irun àgùntàn nu ojú. Léontine rí i pẹ̀lú, òun náà sì kúnlẹ̀. Wọ́n jọ ṣe é títí oòrùn fi kúrò nínú àgbàlá.

Láti ọjọ́ náà ni Eugénie ti ń bá a káàkiri. Ní gbogbo Ìpín Kẹẹ̀ẹ́dógún, láti Javel dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin Montparnasse, kò sí àgbàlá tí wọn ò mọ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ń ya irun, ọ̀kan ń fọwọ́ tú u, ẹnu àwọn méjèèjì kì í sinmi. Àwọn èèyàn á gbé àga jáde torí àtigbọ́ èébú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi Eugénie pé, "Màmá, ẹ ti wá di ará Vaugirard báyìí?" yóò ní, "Èmi kẹ̀? Mo wá kí ìyàwó ọmọ mi ni."

Anselme padà wálé nígbà tí ogun parí. Ó gbé àpò kékeré kan kọ́ èjìká, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, ó ń wo àwọn obìnrin méjì kan tí irun àgùntàn bò lórí. Léontine ló kọ́kọ́ rí i. Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sáré lọ dì mọ́ ọn, kò fi í sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Eugénie dúró sẹ́yìn dìgbà tó kàn án.

"O ti gbẹ," ló wí. "Jókòó síbí yìí, a ti fẹ́ parí."

Anselme jókòó sórí irun náà. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ. Àwọn obìnrin méjèèjì dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ń ṣọ́ ọ.

Ọdún 1962 ni Eugénie kú, lẹ́yìn tó ti "wá kí wọn" fún bí ogún ọdún. A sin ín sí ibi ìsìnkú Grenelle, ibi kékeré tí àwọn ilé rọ̀gbà yí ká, bó ṣe pàṣẹ. Léontine sunkún níbẹ̀ ju Anselme lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ayé wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà kíákíá. Tìmùtìmù onísípíríńgì dé, fóòmù dé. Àwọn èèyàn ń gbé ti onírun àgùntàn sọ síta fún àwọn kólẹ̀-kódọ̀tí, Léontine á dúró tì í, á máa fọwọ́ pa á lára. Anselme kú lọ́dún 1969. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Javel pa, wọ́n ti odò-ẹran pa. A ò tún jí gbọ́ kí ẹṣin máa yán láàárọ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní Cour Maudoux ti gbó, pé wọ́n fẹ́ wó o. Mo dúró lódìkejì títì lọ́jọ́ tí wọ́n wó ìsọ̀ bàbá mi. Nígbà tí ògiri ṣubú, mo rí inú yàrá Léontine gbangba, bébà ògiri rẹ̀ olódòdó ṣì wà níbẹ̀, òjò sì ń rọ̀ sí i.

Ìjọba fún un ní yàrá méjì nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sétí odò, ní Grenelle. Mo lọ bá a pẹ̀lú áńkáṣíìfù nínú àpò mi, mo rò pé ẹkún la máa jọ sun. Balùwẹ̀ ni mo bá a, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀.

"Wá fọwọ́ kàn án!" ló kígbe. "Ó gbóná! Kò sì sẹ́ni tó dáná!"

"Ṣé àárò àgbàlá ò ní máa sọ yín?"

"Àgbàlá wo? Àgbàlá tí ẹni mẹ́wàá ti ń jà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan? Ẹni tó bá fẹ́ kó máa gbé e lọ, jàre."

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ kò bá a lára mu. Àwọn èèyàn á jọ wọ líífìtì, wọ́n á máa wo bàtà ara wọn. Ó bá ara rẹ̀ láìní ẹni tó lè bú. Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ìró kan láti ilé kejì, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń ya nǹkan. Ó lọ kanlẹ̀kùn. Obìnrin ará Kabylia kan, tó wá láti òdìkejì òkun, ló ṣílẹ̀kùn fún un, Ouardia Haddouche, pátákó méjì oníṣòó wà lọ́wọ́ rẹ̀, irun àgùntàn wà lára aṣọ rẹ̀ káàkiri.

"Ẹ má bínú, Màmá, ṣé ariwo mi ni?"

Léontine wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú irun díẹ̀ láàárín ìka méjì, ó fà á. "Ta ló fọ èyí? Ó mọ́ gan-an."

"Èmi ni. Inú ibi ìwẹ̀ ni mo ti fọ̀ ọ́."

"Ó mọ́, àmọ́ bó o ṣe ń yà á ò dáa. Dúró dè mí."

Ó lọ gbé igi rẹ̀ wá. Ouardia ní bí ìyá òun ṣe kọ́ òun ló dáa jù, Léontine ní ìyá rẹ̀ ò mọ nǹkan kan, Ouardia ní ẹni tí kò fi kọfí lọ aládùúgbò rẹ̀ rí kò lẹ́nu láti bú ìyá ẹnikẹ́ni. Inú Léontine dùn débi pé ó jókòó. Nígbà ẹ̀rùn, àwọn méjèèjì kó iṣẹ́ wọn sọ̀ kalẹ̀ sórí pèpéle kọnkéré ńlá tó wà láàárín àwọn ilé gogoro náà. Ọlọ́dẹ wá bá wọn.

"Ẹ̀yin ìyá, wọn ò gbà kẹ́ ẹ máa ṣe èyí níbí o."

"Àwọn wo ni 'wọn'?" ni Léontine bi í.

"Àwọn aláṣẹ ilé ni."

"Sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé tìmùtìmù wọn wá."

Ọlọ́dẹ náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin Kabylia àti ti Morocco bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irun tiwọn wá láti àwọn ilé yòókù, Léontine sì tún wá ní oníbàárà títí ọwọ́ rẹ̀ fi kọ̀ jálẹ̀.

Ní February ọdún 1984 ló kú, lójú oorun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sunday kan ṣáájú ìgbà náà ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn jù. Mo wà lójú fèrèsé rẹ̀ lókè téńté, mò ń wo gbogbo àdúgbò wa nísàlẹ̀, mò ń fìka tọ́ka. Ibi tí odò-ẹran wà nìyẹn, wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọgbà ìgbafẹ́. Ibi tí bàbá mi ti ń já èédú nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń jó nígbà ọdún nìyí, tí mo ti pàdánù bàtà mi. Mi ò mọ̀ pé mò ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

"Kúrò lójú fèrèsé yẹn, kó o wá jẹun," ni Léontine wí láti ìdí tábìlì. "Ouardia ló sè é. Tó bá tutù, yóò bínú."

"Mi ò ní bínú," ni Ouardia wí. "Àmọ́ mi ò ní gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì."

Mo fa àga, mo jókòó sáàárín wọn, wọ́n sì bu oúnjẹ fún mi.